Bí Ṣọ́ọ̀bù Òdòdó Kan ní Súrùlérè Ṣe Dín Ìdọ̀tí àti Epo Tó Ń Jó Kù: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó sì wà ní Súrùlérè, nílùú Èkó. Yàrá kan ṣoṣo ni, ó dojú kọ títì. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ya fọ́tò ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ìyá oníbọ̀ọ̀lì sì wà lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ra òdòdó, òun àti ọmọbìnrin méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sì ń tò ó. Èmi ni mò ń bá a ṣe ìwé owó, mo sì máa ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, nígbà tí òdòdó ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú máa ń pọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 sí òpin ọdún 2025, nígbà tí a gbìyànjú láti dín ìpalára tí iṣẹ́ náà ń ṣe fún àyíká kù, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tó oṣù mẹ́ta kí a tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2024, Kọmíṣọ́nà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Tòkunbọ̀ Wahab, kéde pé ìjọba ti fòfin de styrofoam àti àwọn ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a ń sọ nù. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Ṣé o ti gbọ́? Wọ́n ti fòfin de fóòmù!” Mo ní, “Àǹtí mi, abọ́ funfun tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe tiyín.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Ṣé ohun tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí yẹn yàtọ̀ sí èyí tí mò ń gbé lé orí sàréè ni?” Kò yàtọ̀ lóòótọ́. Èyí tí a máa ń gé roboto bí òṣùká, tí a máa ń fi òdòdó yí ká kí àwọn ẹbí olóògbé tó gbé e lọ sí ibi ìsìnkú, irú ohun kan náà ni. Bí a bá gbé e síbẹ̀ lónìí, òdòdó orí rẹ̀ á rọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, òjò á gbé òṣùká funfun náà lọ sínú gọ́tà, ibẹ̀ ni yóò sì wà nígbà tí àwọn ọmọ olóògbé bá ti di arúgbó.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti pinnu pé ohun yòówù tí òun bá lè dín kù, òun yóò dín in kù, kò ní í dúró dìgbà tí òfin bá kan òun. Ọ̀rá dídán tí a fi ń wé òdòdó la kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí pé òun ni ojú ń rí. Kí oṣù Kìíní tó parí, a ti ra bébà aláwọ̀ ilẹ̀, a ti sọ fún gbogbo oníbàárà pé a kò lo ọ̀rá mọ́, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ sì ti fi í sórí Instagram pé ṣọ́ọ̀bù wa ti di ọ̀rẹ́ àyíká. Inú wa dùn. Àfi bí a ṣe dé oṣù Kejì.

Àyájọ́ àwọn olólùfẹ́ ọdún 2024, ìyẹn ọjọ́ 14 oṣù Kejì, bọ́ sí Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ tí àwọn Kátólíìkì máa ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. A kò ro ti ìyẹn rárá nígbà tí a ń ra ọjà. Dọ́là kan ti ń lọ sí nǹkan bí ₦1,500 nígbà náà, nítorí náà iye tí a ń ta òdòdó kan ti di ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan á gbọ́ tí á kí wa pé ó dàbọ̀. Ìdì róòsì 40 la rà, ogún òdòdó ló wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, ìdì 13 ló sì ṣẹ́ kù nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Fún ọjọ́ márùn-ún, jẹnẹrétọ̀ ń dún nítorí fíríìjì tí róòsì náà wà nínú rẹ̀, a sì ń dín owó rẹ̀ kù lójoojúmọ́, títí tí etí rẹ̀ fi dúdú tí orí rẹ̀ sì tẹ̀. Mo ṣí ìwé owó, mo rí i pé róòsì tí a kó dànù àti bẹntiróòlù tí a fi tọ́jú rẹ̀ gbà ju owó ọ̀rá ọdún kan gbáko lọ. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó yẹ kí a wọn ìdọ̀tí wa kí a tó máa polongo.

Láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, a gbé àpò mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan wà fún igi òdòdó, ewé àti òdòdó tó ti kú. Èkejì wà fún fóòmù, ti funfun àti ti aláwọ̀ ewé tí a ń rẹ sínú omi. Ẹ̀kẹta wà fún ọ̀rá, ríbọ́ọ̀nù àti ike. A yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹran dídì ní ìdíkọ̀, a sì ń wọn àpò kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nínú kílò mẹ́wàá ìdọ̀tí, nǹkan bíi méje ló jẹ́ òdòdó àti igi rẹ̀, méjì jẹ́ fóòmù tó ti mu omi, ọ̀kan péré ló kù fún ọ̀rá àti àwọn ẹbí rẹ̀. Mo mọ̀ pé kílò kan ọ̀rá kò dọ́gba pẹ̀lú kílò kan ewé nínú ìpalára, ọ̀rá kò ní í jẹrà, ewé á jẹrà. Síbẹ̀, òdòdó tó kú láìtà kò wá láti ojú ọ̀run: wọ́n ti bu omi rin ín, wọ́n ti fín in ní oògùn apakòkòrò, ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó ti sùn nínú fíríìjì, a sì ti jó epo nítorí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ la ń dà sínú àpò lálẹ́.

Ohun tó ń pa òdòdó wa la kọ́kọ́ wá, èyí ló sì mú wa dé ọ̀dọ̀ ìyá oníbọ̀ọ̀lì. Ó ti pẹ́ tí màmá náà ti ń gbé agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù wa mọ́jú, nítorí àwọn olè. Ẹgbẹ́ fíríìjì gan-an ni agbọ̀n náà máa ń wà. Èso tó bá ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene, afẹ́fẹ́ yìí ló sì ń sọ fún èso tó kù pé kí wọ́n pọ́n, òun náà ló ń sọ fún òdòdó pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó. Òdòdó carnation ni kì í lè fara dà á rárá: ewé òdòdó rẹ̀ á ká wọlé, á dà bí ẹni tó dijú sùn, kò sì ní í la ojú náà mọ́. Ọdún bíi mẹ́ta ni a ti ń bú ẹni tó ń kó carnation wá fún wa pé ọjà àlòkù ló ń tà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá màmá náà, ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Màmá wò ó, ó ní, “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tèmi ló ń pa òdòdó tìẹ? Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọwọ́ ni?” Ó gba ọjọ́ méjì àti ìgò málítì kan kí ọ̀rọ̀ náà tó tán nílẹ̀. Káfíńtà bá wa kan àpótí onípákó tó ní kọ́kọ́rọ́ mọ́ ẹ̀yìn ilé, ibẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń sùn báyìí. Carnation wa bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọjọ́ mẹ́jọ, mẹ́sàn-án.

Àwọn àtúnṣe kéékèèké mìíràn tẹ̀ lé e tí n kò ní í fa gùn: à ń fi ọ̀bẹ gé ìdí òdòdó ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ̀, a kì í fi sísọ́ọ̀sì gé e mọ́, a ń fọ báké pẹ̀lú ọṣẹ kí a tó pọn omi tuntun sí i, a ń kán bílíìṣì díẹ̀ àti ṣúgà sínú omi náà, ewé kankan kò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ omi. Gbogbo ẹni tó ń ta òdòdó ló mọ̀ wọ́n, kìkì pé wọn kì í ṣe é ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀.

Ọ̀rọ̀ epo ló wá le. Fíríìjì onígíláàsì kan la ní, irú èyí tí wọ́n ń fi ta ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Róòsì fẹ́ kí òtútù wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 4 ti Celsius, ní Èkó sì rèé, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni kí ẹ̀rọ náà má sinmi. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, kúrò ní nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Àdúgbò wa kò sí lára wọn, nítorí náà owó iná tiwa kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iná náà kì í sí. Kégi bẹntiróòlù onílítà 25 kan la ń jó ní ọjọ́ méjì-méjì. A pe àwọn tó ń fi páńẹ́ẹ̀lì oòrùn sílé wá. Iye tí wọ́n pè láti gbé fíríìjì náà nìkan, pẹ̀lú bátìrì tí yóò gbé e mọ́jú, ga ju owó tí ṣọ́ọ̀bù ń rí láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ra páńẹ́ẹ̀lì kékeré fún gílóòbù àti fáànù, ó sì jókòó ti ìṣòro rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí bàbá àgbẹ̀ òdòdó kan ní Ìbàdàn sọ ló yí gbogbo nǹkan padà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ ra heliconia lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyàwó kan tó ní òun fẹ́ àwọ̀ pupa tó le. Heliconia ni òdòdó tó dà bí ẹnu ẹyẹ tí wọ́n tò léra, pupa pẹ̀lú etí ìyeyè, igi rẹ̀ gùn bí ọmọ ọdún márùn-ún. A kó o dé ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, a sì gbé e sínú fíríìjì bí a ti máa ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ẹnu ẹyẹ náà ti dúdú bí èédú. Ẹ̀gbọ́n mi pe bàbá náà pẹ̀lú ìbínú. Bàbá ní, “Fíríìjì kẹ̀? Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ta ló ń gbé ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ gbígbóná sínú yìnyín?” Òdòdó ilẹ̀ olóoru bíi heliconia, jíńjà pupa àti anthurium kì í fara da òtútù tó bá wálẹ̀ kọjá ìwọ̀n 12 tàbí 13. Òjìji, omi tó mọ́ àti atẹ́gùn díẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè, wọ́n sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí ni kókó gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wà. A ti ń wá ọ̀nà tí a ó fi tọ́jú ọjà wa pẹ̀lú epo tó dín kù, a kò ronú rí pé irú ọjà tí a yàn ló ń sọ iye epo tí a ó jó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra òdòdó olóoru láti Ìbàdàn àti Ẹpẹ, kò sí ohun kan ṣoṣo tó dín kù níbẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, fíríìjì jáde, òdòdó tó ń kú láìtà dín kù nítorí pé ó ń pẹ́, fóòmù pàápàá dín kù, nítorí igi òdòdó tó nípọn bí àtàǹpàkò lè dúró fúnra rẹ̀ nínú ìkòkò oníyanrìn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ọjọ́bọ̀ sí Àbámẹ́ta nìkan la ń tan fíríìjì, kégi kan sì ń tó wa ní ọ̀sẹ̀ kan. N kò mọ ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ì bá sọ èyí fún wa ju bàbá àgbẹ̀ yẹn lọ.

A kò lé róòsì lọ. Ẹni tó bá ń ta òdòdó ní Èkó tí kò ní róòsì dà bí aláta tí kò ní tòmátì. Ṣùgbọ́n a yí ibi tí a ti ń rà á padà. Àwọn kan ń gbin róòsì lórí òkè Jos, tó ga ju mítà 1,200 lọ sí ìtẹ́jú òkun, tí òtútù ibẹ̀ sì bá róòsì lára mu. Òdòdó náà ń bá ọkọ̀ ilẹ̀ wá nínú páálí, ìrìn àjò tó ju kìlómítà 800 lọ, kì í sì í dé ní dídára bí ti òkèèrè ní gbogbo ìgbà. Orí rẹ̀ kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń ní àmì. Bí ti Jos kò bá tó, ti Kẹ́ńyà la ń rà, a ti fi ti Netherlands sílẹ̀. Àwọn oníbàárà kan máa ń jiyàn pé ọkọ̀ òfuurufú kan náà ló ń gbé méjèèjì wá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbìn ín yàtọ̀. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Cranfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 2007 fi róòsì 12,000 láti ibi méjèèjì wéra, pẹ̀lú ìrìn àjò wọn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ti Kẹ́ńyà tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.2 jáde, ti Netherlands tú tọ́ọ̀nù 35. Oòrùn ló ń mú ti Kẹ́ńyà dàgbà; ilé onígíláàsì tí wọ́n ń fi gáàsì mú gbóná tí wọ́n sì ń tan iná sí ló ń mú tèkejì dàgbà. Mi ò sọ pé ti Kẹ́ńyà mọ́ bí omi òjò. Adágún Naivasha, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn oko náà wà, ti ń gbé ẹrù omi wọn àti oògùn wọn fún ìgbà pípẹ́.

Ewé náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, ewé tí a fi ń kún òdòdó ń bá òdòdó náà wọ bàálù wá, ohun tó dà bí kí ènìyàn máa ra iyọ̀ láti òkè òkun nígbà tí òkun wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Pẹ̀rẹ̀gún kún gbogbo ọgbà, imọ̀ ọ̀pẹ kò wọ́n wa. Ìṣòro kan ṣoṣo tó yọjú ni ti ìyá kan tó wá ṣe òdòdó ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó fẹ́ kí á yọ màrìwò kúrò nítorí pé ti Ògún ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Màmá, imọ̀ ọ̀pẹ ni o, irú èyí tí ẹ ń jù sókè lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ.” Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní bó bá jẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ni, kò burú. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe màrìwò ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Fóòmù aláwọ̀ ewé, èyí tí a ń rẹ sínú omi tí a ń gún òdòdó mọ́, ló gba wa lákòókò jù. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é jáde ní ọdún 1954, kò sì sí oníṣẹ́ òdòdó tí kò mọ̀ pé ó dùn ún lò: ìka méjì lè gbé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ nígbà tó gbẹ, bó bá mu omi tán, á wúwo, gbogbo òdòdó tí o bá gún mọ́ ọn á dúró síbi tí o fi í sí. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní phenol àti formaldehyde ni wọ́n fi ṣe é, ike ni, kò ní í jẹrà, ṣe ni yóò máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì RMIT ní Melbourne rí i pé àwọn ẹ̀dá inú omi ń jẹ wẹ́wẹ́ yìí, àti pé ohun tó ń yọ́ jáde láti ara rẹ̀ sínú omi ń pa wọ́n lára. Ẹgbẹ́ àwọn ológbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Horticultural Society, sì fòfin dè é níbi gbogbo ìpàtẹ wọn láti ọdún 2021. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ìdọ̀tí rẹ̀ tí mo kórìíra jù ni omi báké tó máa ń di ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé, tí àwọn ọmọ wa ń dà sí gọ́tà láìwo ẹ̀yìn.

Ohun tí a kọ́kọ́ fi rọ́pò rẹ̀ já wa kulẹ̀ gidigidi. Ẹnì kan sọ pé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń gba omi dúró, pé ó rọrùn láti gún òdòdó mọ́. Òótọ́ ni méjèèjì. A gé e ní kúkurú-kúkurú fún tábìlì ìgbéyàwó kan ní Ìkẹjà, ó rẹwà, kò ná wa ní nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi sì ń yangàn. A gbàgbé pé oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọ̀tá aṣọ, ọmọdé tó bá ti wọ oko rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó wọlé, oje náà ti ń sun jáde lábẹ́ abọ́ mẹ́ta, ó ń ya ọ̀nà aláwọ̀ ilẹ̀ lórí aṣọ tábìlì funfun. Kò sí ọṣẹ tó ràn án. Aṣọ mẹ́ta la san owó rẹ̀ fún ẹni tó fi í háyà.

Wáyà ilé adìyẹ la ń lò báyìí. A ń gé e, a ń ká a bí ìdì, a ń tẹ̀ ẹ́ sínú abọ́ amọ̀, òdòdó á sì wọ inú ihò rẹ̀ lọ bá omi. Lẹ́yìn òde, a ń gbà á padà, a ń fọ̀ ọ́, a tún ń lò ó. Èyí tí a rà ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 ṣì wà nílẹ̀. Ó gba àkókò jù fóòmù lọ, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ sì ṣá ọwọ́ títí tí a fi ra ìbọ̀wọ́. Fún ti ìsìnkú, ìyá àgbà kan ní Òṣodì ló ń bá wa hun ìdí rẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ló ń lò, ó ń yí i, ó ń fi ìko dì í, bí wọ́n ti ń ṣe òṣùká tí wọ́n fi ń ru igi láyé àtijọ́. Ó ń jẹrà pẹ̀lú òdòdó orí rẹ̀. Àwọn ẹbí kan kọ́kọ́ wò ó bí ohun tálákà. Ẹ̀gbọ́n mi wá rí ìdáhùn kan tó máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. A máa sọ fún wọn pé nígbà tí wọ́n dé Ọba Charles ládé ní Westminster Abbey ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọn kò lo fóòmù nínú òdòdó ibẹ̀. Bí ọba Gẹ̀ẹ́sì bá lè gorí ìtẹ́ láìsí fóòmù, bàbá wa náà lè sùn láìsí i.

Ọ̀rọ̀ wíwé òdòdó ní ẹ̀rín tirẹ̀. Lẹ́yìn bébà, a dán ewé mọ́ínmọ́ín wò, a fi ìko dì í lọ́rùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin àkọ́kọ́ tó rà á gbé e yípo lọ́wọ́, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òdòdó ni àbí kí n bá yín wá ṣíbí?” Ṣùgbọ́n ó gbé e lọ, ó sì padà wá. Ewé náà kò lè ju ọjọ́ méjì lọ kó tó gbẹ, nítorí náà ẹni tó bá ń mú òdòdó lọ lójú ẹsẹ̀ la ń wé e fún. Àwọn tó kù ń gba bébà tàbí ègé àǹkárá tí àwọn télọ̀ àdúgbò ń tà fún wa ní àpò-àpò. Nígbà tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin ọ̀rá àti ike àlòsọnù ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, tí ọ̀rá tó tinrín ju máíkírónì 40 lọ sì wà lára ohun tí wọ́n ń lé, kò sí ohun tí a ní í yí padà.

Ní ti àpò ewé àti òdòdó tó kú, a gbìyànjú láti sọ ọ́ di ilẹ̀dú. Àpò àkọ́kọ́ bàjẹ́ nítorí pé wẹ́wẹ́ fóòmù ti wọ inú rẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni òun àti ewé, ojú kò tètè mọ̀ ọ́n. Èkejì dára, ó dúdú, ó ń rùn bí ilẹ̀ oko lẹ́yìn òjò. Àwọn tó ń ta igi òdòdó lẹ́bàá títì ń wá kó o lọ́wọ́ wa, wọn kì í sanwó, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún wa ní pẹ̀rẹ̀gún dípò rẹ̀. Èèwọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ dà: a kì í fún ewúrẹ́ ní róòsì tó ti òkèèrè wá, bó ti wù kí ẹni tó ni ewúrẹ́ náà bẹ̀ wá tó, nítorí oògùn tí wọ́n fín sí i kì í ṣe ti oúnjẹ. Òdòdó oníke tí àwọn alọ́ṣọ̀ọ́ òde ń lò kò sí nínú ètò wa. Ẹni tó bá ń lò ó ní ọgọ́rùn-ún ìgbà lè ní àre. Èyí tí mo ń rí, lẹ́yìn òde kẹta, oòrùn ti pa á láwọ̀, ó ti wà lórí ààtàn.

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà la mú dání. Àwọn ìyàwó tó ń mú fọ́tò wá láti orí fóònù, tí wọ́n fẹ́ hydrangea funfun àti peony, ti lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì ń mú owó ńlá lọ. Owó tó ń wọlé wa ní ìdajì kejì ọdún 2024 kéré sí ti ìdajì àkọ́kọ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa lẹ́yìn ìnáwó ló pọ̀ sí i, nítorí epo àti òdòdó tó ń bàjẹ́ kò jẹ ẹ́ mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, tẹ́lẹ̀-tẹ́lẹ̀ la gba orúkọ àwọn tó fẹ́ róòsì, pẹ̀lú ìdajì owó lọ́wọ́. Ìdì 22 la rà. Méjì ló ṣẹ́ kù, ìyá oníbọ̀ọ̀lì sì gba ọ̀kan nínú wọn lọ sílé.

Páálí fóòmù aláwọ̀ ewé méjì ṣì wà lábẹ́ káńtà, láti ìgbà tí a ti ń rà á lọ́pọ̀. Ẹnì kan tó ń ṣe òdòdó ní Yaba ti wá bi wá lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé a fẹ́ tà á. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ tà á, nítorí pé inú gọ́tà ẹlòmíràn ló ń lọ; kò fẹ́ dà á nù, nítorí pé ààtàn Olúsosùn ni àwọn tó ń kólẹ̀ ń gbé e lọ; kò sì fẹ́ lò ó. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń fi páálí náà ṣe àga.